Ṣájà ìdí ṣọ́ọ̀bù ti wọ́n ju epo lọ, àbí èmi ni mi ò mọ ìṣirò?

BàbáTíwà_SE28

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Ẹ dákun ẹ gbà mí, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni àbí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín náà ṣe ń san án.

Mo ra mọ́tò iná Kia e-Niro àlòkù, ti bátìrì 64 kWh (yúnìtì iná 64 nìyẹn), ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí. Gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ń sọ fún mi pé tí mo bá ti kúrò nídìí epo, owó á máa ṣẹ́kù sí mi lápò, pé owó iná ò tó nǹkan. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí ẹnì kankan nínú wọn ò bi mí ni pé níbo ni màá ti máa ṣáájì ẹ̀, torí àjà kẹta ni mo ń gbé ní Thamesmead, London níbí, fúláàtì tí mo háyà, mi ò ní géètì, mi ò ní dráìfùwéè, ibi tí mo bá ti rí àyè ni mò ń páàkì sí.

Ní Sátidé tó kọjá èmi àti ìyàwó mi lọ ra ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo rí i pé wọ́n ti gbé ṣájà tuntun wá, àwọn gọgọrọ yẹn, 150 kW (kW ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń yára wọlé tó). Mo ní háà, Ọlọ́run ṣe é, kí àwa máa ra oúnjẹ, kí mọ́tò náà máa jẹ tiẹ̀. Mo fi káàdì kàn án, mo ki okùn bọ̀ ọ́, a wọlé. 15% ló wà, nígbà tí a fi máa jáde ó ti dé 80%, bíi wákàtí kan náà ni.

Yúnìtì 42 ló wọ inú ẹ̀. 79p ni yúnìtì kan. £33.18! Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí a rà lọ́jọ́ yẹn, ìrẹsì, òróró, adìyẹ, wàrà ọmọ, gbogbo ẹ̀ £29 àti sílè díẹ̀. Mọ́tò jẹun ju ìdílé lọ.

Èyí tó tún wá tì mí lójú ni pé nígbà tí a fẹ́ sanwó ọjà, káàdì mi kọ̀, ó ní owó ò tó. Àṣé ẹ̀rọ ṣájà yẹn ti di £45 mú nínú àkáǹtì mi kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ìyàwó mi ló fi káàdì tiẹ̀ san án, èèyàn sì wà lẹ́yìn wa lórí ìlà.

Ní Mọ́ńdè mo dé ibi iṣẹ́ mo ń ráhùn, ọkùnrin kan tó ní ilé sí Bexleyheath bú sẹ́rìn-ín, ó ní 7p lòun ń san nílé òun lóru, nígbà tí owó iná máa ń já. 7p! Yúnìtì 42 yẹn kò ní pé £3 lọ́dọ̀ tiẹ̀. Iná kan náà ni o, wọn ò pa bọ́tà sí tèmi.

Ẹ jọ̀ọ́ kí ló fà á? Ṣé ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì mọ̀? Àbí kí n tètè tà á kí n padà sídìí Toyota mi? Ìyàwó mi ti ní òun ò ní sọ nǹkan kan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti níyàwó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ọlọ́wọ́Wáyà

Ẹ pẹ̀lẹ́ bọ̀ọ̀dá. Wọn ò rẹ́ yín jẹ o, ó kàn wọ́n ni. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mo sì ti bá wọn gbé ṣájà sí páàkì ṣọ́ọ̀bù bíi mélòó kan, ẹ jẹ́ kí n là á fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ mú owó orí kúrò níbẹ̀. Iná tí ẹ lò nínú ilé, VAT 5% ni. Èyí tí ẹ bá rà níta, 20% ni. Nínú 79p yín yẹn, 13p ti bá ìjọba lọ. Àwọn tó ń jà fún un ń pè é ní pavement tax, torí ẹni tó jẹ́ pé ojú pópó ló ń páàkì sí, tí kò ní àyè níwájú ilé, òun gan-an ló ń san án. Wọ́n ti pariwo ẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, tí wọ́n bá tiẹ̀ sọ ọ́ di 5% lọ́la, 79p yẹn á di 69p ni, kò lè di 7p láéláé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyẹn tàn yín.

Abẹ́ ilẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kẹ́tùlù tó wà nílé yín, bíi 3 kW ni. Ṣájà 150 kW kan ṣoṣo, kẹ́tùlù 50 tó ń hó lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Kí ṣọ́ọ̀bù wá gbé mẹ́jọ kalẹ̀, ẹ bá mi ka kẹ́tùlù ẹ̀. Iná tí wọ́n fi ń gbé fìríjì àti gílóòbù wọn ò lè fà á. Wọ́n á lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò, ní ìhà London tiwa níbí UK Power Networks ni, wọ́n á tọrọ iná tuntun, wọ́n á ra tránsífọ́mà, wọ́n á gbẹ́ títì, èmi ti ṣe ọ̀kan rí tí a gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tán tó fi oṣù mélòó kan dúró lásán tí wọ́n fi báàgì dúdú bò ó, a ń dúró de wáyà. Tó bá wá tàn tán, owó ojoojúmọ́ tún wà, bí iná tí wọ́n tọrọ bá ṣe tóbi tó ni wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀, wọn ò bìkítà bóyá mọ́tò kan wá lọ́jọ́ yẹn tàbí kò wá. Ṣé ẹ ti háyà gẹ̀nẹ́ ńlá fún ìnáwó rí? Ẹ tan fáànù kan o, ẹ tan gbogbo họ́ọ̀lù o, owó háyà ò yí. Ṣájà yẹn ń dúró láti alẹ́ dé àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ìwọ̀nba èèyàn tó bá wá lọ́sàn-án ni wọ́n máa dá gbogbo ẹ̀ lé lórí.

Cap, ìyẹn gbèdéke tí Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ta iná, fi sórí owó iná náà, ti ilé gbígbé nìkan ni. Ní October sí December 2025 ó wà ní bíi 26p yúnìtì kan. Ẹni tó ń fi iná ṣòwò ò sí lábẹ́ ẹ̀, ohun tó bá bá àwọn tó ń ta iná ṣe ni. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í tiẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù ló ni ẹ̀rọ náà o, ilẹ̀ ni wọ́n yá ilé-iṣẹ́ ṣájà, àwọn yẹn á san owó ilẹ̀, wọ́n á tún jẹ èrè tiwọn. Àwọn díẹ̀ ló ń ṣe é fúnra wọn, bí àpẹẹrẹ Sainsbury's tó bẹ̀rẹ̀ Smart Charge tiẹ̀ ní January 2024.

Àmọ́ bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà jẹ̀bi ibì kan. e-Niro yín ò lè gbà ju bíi 77 kW lọ, níbi tó ti ń sáré jù nìyẹn. Ẹ wá lọ so ó mọ́ 150! Páìpù panápaná lẹ fi rọ omi sínú ìgò. Tí 50 kW bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun ni kí ẹ lò, ó sábà máa ń dínwó, yúnìtì 42 yẹn á sì wọlé láàárín ìṣẹ́jú 50 sí wákàtí kan. Ṣebí ẹ ní wákàtí kan náà lẹ lò nínú ṣọ́ọ̀bù.

£45 á padà, wọn ò gbé e, wọ́n kàn dì í mú ni. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Tí ẹ bá lo áàpù wọn dípò káàdì, ọ̀pọ̀ wọn kì í dì í mú bẹ́ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Medway

🤣🤣 "mọ́tò jẹun ju ìdílé lọ", ẹ fẹ́ pa mí.

Ẹ tiẹ̀ rántí ìgbà ọ̀fẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra mọ́tò iná ò mọ̀. Tesco, àwọn àti Volkswagen àti ilé-iṣẹ́ ṣájà Pod Point, 2018 ni wọ́n kéde ẹ̀, kí n má purọ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe ra Nissan Leaf mi. Èèyàn á so mọ́tò mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́, á wọlé lọ ra búrẹ́dì kan péré, á rìn yíká gbogbo ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí iná lè wọ̀ ọ́, á ka ẹ̀yìn páálí kọnfúléèkì bí ẹni ń ka Bíbélì. Àwọn kan wá sọ ibẹ̀ di ilé bàbá wọn, wọ́n á páàkì láti àárọ̀, wọ́n á wọ reluwé lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ kìíní November 2022 ni wọ́n fòpin sí i, 28p fún 7 kW, 40p fún 22, 50p fún 50 kW. Ẹ ò gbọ́ ariwo tí a pa! Ẹni tó bá rí 28p lónìí, á kúnlẹ̀ kí i.

Ọ̀fẹ́ ìgbà yẹn kì í ṣe àánú o. Bí ìgbà tí ìyá ẹlẹ́pà bá bu ẹ̀pà mẹ́ta sí yín lọ́wọ́ pé ẹ tọ́ ọ wò ni. Nígbà tí mọ́tò iná ò tíì pọ̀, ẹ̀pà mẹ́ta ò lè kó bá ìyá náà. Nígbà tí gbogbo wa wá tẹ́ ọwọ́ tán, tí owó iná tún wá fò sókè lẹ́yìn tí Russia wọ Ukraine, ta ló máa máa bu ẹ̀pà fún wa?

Ohun tí èmi ń ṣe báyìí, mi ò sún mọ́ àwọn gọgọrọ yẹn àyàfi tí mo bá ń rìnrìn-àjò. 7 kW kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun ni tèmi, owó ẹ̀ ò tó ti gọgọrọ rárá. Wàhálà ẹ̀ ni pé ó lọ́ra, wákàtí méjì, yúnìtì 13 péré. Torí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Èmi máa ń fi ọjọ́ irun dídì ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo bọ́ọ̀dù páàkì dáadáa, torí ojú mi rí nǹkan. Mo so Leaf mọ́ 7 kW ní páàkì kan, mo sọdá títì lọ dirun, ẹ̀yin náà mọ̀ pé irun dídì kì í ṣe iṣẹ́ wákàtí méjì. Mo padà dé, bátìrì ti kún, inú mi dùn, irun mi dáa. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ lẹ́tà dé. £100! Tí mo bá san láàárín ọjọ́ 14 wọ́n á gbà £60. Wọ́n ní wákàtí méjì ni páàkì, mo lo mẹ́rin, kámẹ́rà ti ya nọ́ńbà mi nígbà tí mo wọlé àti nígbà tí mo jáde. Kámẹ́rà yẹn ò mọ̀ pé mò ń ṣáájì o, mọ́tò ni mọ́tò. Mo kọ lẹ́tà sí wọn, mo fi risíìtì ṣájà àti fọ́tò bọ́ọ̀dù ìdí ẹ̀rọ sí i, kò síbi tí wọ́n kọ wákàtí méjì sí níbẹ̀. Wọ́n padà fagi lé e, ṣùgbọ́n oorun tí mi ò sùn, ta ló máa dá a padà?

Òtítọ́_Korò

Ẹ tà á jàre. Mọ́tò iná, ti àwọn tó ní dráìfùwéè ni, kí a yéé tan ara wa jẹ. Láti April 2025 wọ́n ti ń gba owó orí títì lọ́wọ́ yín, £195 lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ti sọ ọ́ nínú Budget November 2025 pé láti April 2028 ẹ máa máa san 3p lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Kí ló tún kù tí ẹ ń jẹ níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́nPCO

@Òtítọ́_Korò ẹ̀yin ṣáá, ojoojúmọ́ ni kí èèyàn tà á, kí èèyàn tà á. Àwa tí wọn ò fún ní yíyàn ńkọ́? Láti January 2023 TfL, àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, ò fún mọ́tò PCO tuntun (táksí tí èèyàn ń pè, bíi Uber) ní láísẹ́ńsì àyàfi tó bá lè lo iná. Àwa sì rèé, fúláàtì ni èyí tó pọ̀ nínú wa ń gbé. Láti January 2026 congestion charge, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tó bá wọ àárín London, tún ti kàn wá, ọ̀fẹ́ yẹn náà ti tán. Ẹ tà á, ẹ lọ fi kí ni jẹun?

BàbáTíwà, ẹ jẹ́ ká fi máìlì ṣe é, yúnìtì nìkan ò lè jẹ́ kéèyàn rí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. e-Niro á rin bíi máìlì 3.5 lórí yúnìtì kan, tí òtútù bá mú á já sí 3. Ẹ pín 79p sí 3.5, ó lé ní 22p fún máìlì kan. Toyota yín, tó bá ń rin máìlì 40 lórí gálọ́ọ̀nù, tí lítà epo jẹ́ £1.35, bíi 15p ni máìlì kan. Torí náà ẹ mọ ìṣirò o, orí yín pé. Ẹni tó bá ń jẹun nídìí ṣájà ńlá lójoojúmọ́ ń náwó ju ẹni tó ń ra epo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi iná ilé 26p ṣe é, 7p àti ààbọ̀ ni tiẹ̀. Ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín ní Bexleyheath yẹn, 2p ni tiẹ̀. 2p! Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti rẹ́rìn-ín.

Èmi ń rin máìlì 700 lọ́sẹ̀, yúnìtì 200 nìyẹn. Tó bá jẹ́ 79p ni mò ń san, £158 lọ́sẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe san án, gbogbo èrè mi ń wọ inú ṣájà. Báyìí mi ò san ju £90 lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Tesla ti ṣí púpọ̀ nínú Supercharger, ìyẹn àwọn ṣájà ńlá wọn, fún mọ́tò tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ gba áàpù wọn, ẹ san owó oṣù bíi £9, owó yúnìtì á já wálẹ̀ sí nǹkan bí iye tí àwọn tó ni mọ́tò Tesla ń san. Owó wọn tún ń yí pẹ̀lú àkókò, ìdájí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìrọ̀lẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń lọ, kó tó di pé àwọn èrò Heathrow bẹ̀rẹ̀ sí pè, mi ò sì rántí ìgbà tí mo san tó 45p kẹ́yìn. Okùn wọn kúrú o, ṣùgbọ́n imú iwájú ni ẹnu ṣájà e-Niro wà, ó máa dé ibẹ̀ wẹ́rẹ́. Àwọn tí tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa ń páàkì wọ́gọwọ̀gọ tí wọ́n á gba àyè méjì, tí gbogbo èèyàn á máa ṣẹ́ wọn lójú.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kọjá 80%. Lẹ́yìn 80 bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí fà bí ìgbín, ẹ máa fi ìṣẹ́jú 40 wá ìwọ̀nba tó kù, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó pẹ́ jù. Tí òtútù bá mú, ẹ má lọ ṣáájì pẹ̀lú bátìrì tó tutù, ẹ wa mọ́tò fún bí ìṣẹ́jú 30 kí ara ẹ̀ yá ná kí ẹ tó débẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á kàn máa wò yín.

Kí ẹ tó fi káàdì kàn án, ẹ wo iye tí wọ́n kọ sójú ẹ̀rọ. Òfin ni, láti November 2023 wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní pence fún kWh kan, gbangba. Lẹ́yìn náà ẹ wo iye tó wà nínú áàpù wọn, àti nínú Electroverse (áàpù kan tó ń bá ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣájà ṣiṣẹ́), ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ní iye mẹ́ta. Mo ti rí i rí, èmi àti ẹnì kejì mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, iná kan náà, ó fi 12p jù mí lọ lórí yúnìtì kan torí káàdì ló lò.

Ṣèyí_N17

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Tottenham ń ju ekstẹ́ńṣàn sílẹ̀ láti ojú fèrèsé àjà kejì 😂 lóru, tí gbogbo èèyàn bá ti sùn. Ó ní iná ilé òun ni, òun ò jalè.

Ọlọ́wọ́Wáyà

@Ṣèyí_N17 Háà! Ẹ sọ fún un kó yéé ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí olónìí. Okùn tó kákò, tó ń gbé 10 amp fún wákàtí mẹ́jọ, òjò ń pa á, ọmọdé lè kọjá kó kọ lẹ́sẹ̀. Mo ti rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yọ́ bí àbẹ́là. Ilé tó bá jó, ìnṣọ́ránsì lè má dáhùn. Àwọn káànsù kan ń gba kí a gbẹ́ kòtò tóóró sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí okùn gba inú ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn wà fún ẹni tí ilé ẹ̀ wà nílẹ̀, tó sì lè páàkì síwájú ilé ara ẹ̀. Alájà kẹta ò sí nínú ẹ̀.

BàbáTíwà, ẹ rìn yíká àdúgbò yín lálẹ́, ẹ máa wo ìdí àwọn òpó iná títì. Àwọn kan ní ihò ṣájà lára, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi ubitricity àti char.gy ló ń ṣe é. Bíi 5 kW ni, ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń sùn. Wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀, yúnìtì 42 yín ti wọlé. Kò ní dé 7p, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí 79p. Ẹ máa nílò okùn tiyín, irú tí wọ́n ń pè ní Type 2, ẹ wo búùtù, bóyá ẹni tó ta mọ́tò fi síbẹ̀. Tí kò bá sí òpó bẹ́ẹ̀ nítòsí, ọ̀pọ̀ káànsù ní fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè fi tọrọ ẹ̀, ẹ kọ ọ́, ẹ ní kí àwọn ará ilé yín tó ní mọ́tò iná náà kọ ọ́.

Àdùnní_Houston

Ẹ pẹ̀lẹ́ o ará London. Níbí náà bákan náà lọ̀rọ̀ rí, ìdí ṣọ́ọ̀bù Walmart ni ṣájà Electrify America pọ̀ sí, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó ìtanràn Volkswagen gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tí Volkswagen purọ́ nípa èéfín mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì wọn. Bíi 50 sí 60 sẹ́ǹtì ni wọ́n ń gbà. Walmart náà wá sọ ní 2023 pé àwọn máa gbé tiwọn kalẹ̀ káàkiri kó tó di 2030. Ọkọ mi ní wọ́n ti rí i pé ẹni tó ń ṣáájì ò níbi tó ń lọ, á kàn máa ra ọjà ni. Èmi gan-an, ìgbà tí mo lọ ṣáájì lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ́yìn torí wọ́n fún wa ní fáúṣà, tẹlifíṣàn ni mo gbé bọ̀.

ÌyáÌbejì_Medway

@Àdùnní_Houston 🤣🤣🤣 ẹ̀pà mẹ́ta!

BàbáTíwà_SE28

Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á bùkún gbogbo yín. Mo padà wá jíyìn.

£45 ti padà, ọjọ́ kejì ló wọlé. Mo padà lọ sí páàkì yẹn lọ wò ó dáadáa, 50 kW méjì wà lẹ́yìn níbẹ̀ tí mi ò rí torí ọ̀kan bàjẹ́, vánù kan sì dí èkejì. 62p. Mo bínú sí ara mi.

Mo lọ dán Tesla wò lánàá, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi èmi àti bọ̀ọ̀dá PCO kan, a kàn ń wo ara wa, nígbà tó yá ó ní "ẹ káàárọ̀ sà". Àṣé Yorùbá ni! Mo san 41p. Yúnìtì 38, £15.58. Mo fi risíìtì han ìyàwó mi, ó ní ṣé torí £15 ni mo ṣe jí gbogbo ilé sílẹ̀. Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, ìtẹ̀síwájú nìyẹn.

Lórí ọ̀rọ̀ òpó, mo rìn yíká, kò sí ní ẹ̀gbẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n mo rí mẹ́ta ní títì kan tó jẹ́ bí ìrìn ìṣẹ́jú méje. Okùn wà nínú búùtù lábẹ́ táyà àfirọ́pò, tí mo ti ń rò pé okùn tí wọ́n fi ń fa mọ́tò ni. Alẹ́ òní ni màá gbìyànjú ẹ̀.

@Òtítọ́_Korò mi ò tíì tà á o.

BàbáTíwà_SE28

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti jí. Mo wà nídìí òpó báyìí, aago mẹ́fà kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bátìrì ti dé 80%, áàpù ní ó ti parí, okùn ò yọ lára mọ́tò! Mo ti fà á, mo ti fà á. Bàbá kan tó ń mú ajá rìn ti dúró tó ń wò mí.

Ẹ̀gbọ́nPCO

Ẹ má fà á mọ́! Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tìlẹ̀kùn mọ́tò, kí ẹ tún ṣí i. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ṣí ni kí ẹ yọ ọ́, tí ẹ bá jáfara á tún tì padà.

BàbáTíwà_SE28

Ó yọ. Ẹ ṣé sà. Ajá yẹn ti tọ̀ sí táyà mi.